Lakror àti màmá Júù tí mò ń tọ́jú: oúnjẹ Albania ni àbí ti Júù?

Ìyá Ìbejì Peckham:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀, ojú ń tì mí.

Màmá arúgbó kan ni mò ń lọ tọ́jú nílé wọn ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀n, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Júù ni wọ́n. Vlorë, ní etí òkun Albania, ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Bàbá náà kúrò níbẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ó sì mú ìyá rẹ̀ dání. Oúnjẹ ìyá yẹn ni màmá ń sọ láàárọ̀ lálẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí n múnú wọn dùn. Mo wo fídíò, mo rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní ọba oúnjẹ Albania, tavë kosi: ẹran àgùntàn tí wọ́n yan, tí wọ́n wá da yọ́gọ́ọ̀tì àti ẹyin lé lórí títí ó fi wú bíi mọ́ínmọ́ín. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi sè é. Ojú rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Mo gbé e síwájú wọn, màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ó dára lójú." Ni wọ́n bá rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n jẹ sùn. Àwo tí mo fi gbé e wá, àwo mi tòótọ́ tí mo rà níṣọ̀, ọmọ wọn obìnrin gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, n ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní báyìí màmá ní kí n bá àwọn ṣe èyí tó ní presh nínú fún alẹ́ Jímọ̀. Mo ti rí i pé leek ni presh, àlùbọ́sà gígùn tó funfun nídìí yẹn. Lakror ni mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi leek sáàárín, tí wọ́n wá yan. Ìbéèrè mi: kí ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ṣé oúnjẹ Albania ni lakror yìí ni àbí ti Júù? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sè é tí wọn ò ní tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ọmọ Ísírẹ́lì 77:

Sister, ti Júù ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ló kọ́ gbogbo Yúróòpù ní oúnjẹ sísè. Àwa Yorùbá gan-an, inú ẹ̀yà mẹ́wàá tó sọnù la ti wá. Ẹ wo ìkọlà, ẹ wo ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ.

Tíṣà Àgbà:

Ẹ̀gbọ́n 77, ẹ fi ẹ̀yà mẹ́wàá sílẹ̀ ná, obìnrin yìí fẹ́ dáná.

Ìyá Ìbejì, Ẹ́kísódù 23:19 lẹ kọsẹ̀ lé: a kò gbọdọ̀ bọ ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀. Júù tó ń pa òfin yẹn mọ́ kì í pa ẹran àti wàrà pọ̀. Ìkòkò ẹran yàtọ̀, ìkòkò wàrà yàtọ̀. Ẹ gbàgbé àwo yẹn.

Ní ti ìtàn, ó ti pẹ́ tí Júù ti wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ní Sarandë, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilé ìsìn wọn jáde, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ya ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje sí ilẹ̀ rẹ̀, láti nǹkan bíi sẹ́ńtúrì karùn-ún tàbí ìkẹfà. Nígbà tí wọ́n lé Júù kúrò ní Spéìn ní 1492, Súlítánì Tọ́kì gbà wọ́n sábẹ́ ìjọba rẹ̀, àwọn kan sì dó sí Vlorë. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Júù tí wọ́n wá ń gbé Vlorë ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Ioannina ni wọ́n ti wá, tó wà ní Gíríìsì lónìí. Gíríìkì ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹ bi màmá léèrè èdè tí ìyá bàbá wọn fi ń bú wọn.

Àjàní Bẹ́ẹ̀kì Márùn-ún:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Mo gbá bọ́ọ̀lù ní Albania fún sáà méjì kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, ìlú Korçë ni mo sì gba yàrá sí. Òkè ni, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré. Ìyá onílé wa, Nënë ni gbogbo wa ń pè é, ìyẹn ìyá. Kristẹni ni, ọmọ ìjọ Orthodox. Ní Sunday tí a ò bá ní ìdíje, a ó wọkọ̀ lọ sábúlé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́nà Voskopojë, ibẹ̀ ni mo ti mọ lakror.

Ìyẹ̀fun àlìkámà, omi, iyọ̀. Ó máa ń pò ó títí á fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Á gé e ní róbótó-róbótó, á tẹ ìkọ̀ọ̀kan bí àwo tíì, á fi ọ̀rá pa á lójú, á tò wọ́n léra. Ìgbà náà ni á wá gbé igi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní okllai. Kò dà bí ti mítípáì wa o. Ṣe ló máa ń wé ìyẹ̀fun yẹn mọ́ igi lára, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i síwá sẹ́yìn láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun igi, igi á máa lu tábìlì pọ̀-pọ̀-pọ̀, títí ìyẹ̀fun á fi fẹ̀ ju tréè lọ, tí ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ọwọ́ yín lódìkejì. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó fà ya bí àkísà. Nënë rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó.

Leek ni wọ́n ń dà sáàárín, pẹ̀lú gjizë, wàrà dídì tí wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́, ó jọ wàrà Fúlàní. Wọ́n á dà ìyẹ̀fun kejì bò ó. Lẹ́yìn náà ni saç: ọmọrí irin ńlá bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e kaná kó gbóná yọ́ọ́, wọ́n á fi dé tréè, wọ́n á kó ẹyín iná àti eérú lé e lórí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti yan kéèkì nínú ìkòkò rí, tó kó ẹyín iná lé ọmọrí, ti mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣé ti Júù ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé wọ́n jí i jẹ. Börek ni Tọ́kì ń pe irú oúnjẹ yìí, Albania ní byrek, Júù tó ti Spéìn wá ní boreka. Tọ́kì ní pırasa fún leek, Gíríìkì ní praso, Júù ní prasa, Albania ní presh. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn jọ ná fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sè é, kó lọ dájọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dín àkàrà láàárín Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá.

Ibi tí Júù ti yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Leek máa ń wà lórí tábìlì ọdún tuntun wọn. Karti ni èdè Aramaic ń pè é, ó sì jọ ọ̀rọ̀ tí Hébérù ń pe "gé", ni wọ́n bá ń fi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gé ọ̀tá kúrò. Orógbó ní kí ẹ gbó, obì ní kó bi ikú dànù. Ta ló máa sọ fún wa pé àjèjì nìyẹn?

A lọ sí Berat nígbà kan, mo yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan, Solomon, tí ọ̀gbẹ́ni Simon Vrusho dá sílẹ̀ ní 2018. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan bíi 200 Júù ló wà ní Albania kí ogun tó dé, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 nígbà tó parí. Àwọn ará ibẹ̀ fi wọ́n pa mọ́ fún Jámánì, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Refik Veseli, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kó ìdílé Mandil lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Krujë. "Búrẹ́dì, iyọ̀ àti ọkàn" ni wọ́n ń sọ pé àwọn fi ń gba àlejò. Èmi ti oúnjẹ ló ń sọ sí mi lọ́kàn: kò séwu ẹlẹ́dẹ̀ nílé Mùsùlùmí, àmọ́ yọ́gọ́ọ̀tì wà nínú ohun gbogbo. Ẹni tí wọ́n ń wá pa, bóyá ló máa bèèrè èwo ni wàrà, èwo ni ẹran.

Ó dáa, Jímọ̀ yín. Bí màmá bá máa jẹ adìẹ lálẹ́ yẹn, gjizë ò gbọdọ̀ wọ inú lakror náà, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tà. Ẹ má bẹ̀rù, Nënë náà ń ṣe irú rẹ̀ nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì wọn, nítorí Orthodox kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà nígbà náà. Leek, òróró ólífì àti iyọ̀ péré. Ohun tí Kristẹni fi ń gbààwẹ̀ ló máa bá òfin Júù mu wẹ́kú. Ẹ ṣí ewé leek lọ́kọ̀ọ̀kan, iyanrìn àti kòkòrò máa ń sápamọ́ síbẹ̀. Ìkòkò àti tréè ilé wọn ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe tiyín. Kẹ́ ẹ sì parí kí oòrùn tó wọ̀, ìgbà náà ni Sábáàtì wọn ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í dáná lẹ́yìn náà. Ní Lọ́ńdọ̀n lóṣù Kejìlá yìí, kí aago mẹ́rin tó lù nìyẹn.

Ìdí-Ọ̀pẹ Ìbàdàn:

A ò rí leek ní Bódìjà o. Ṣé àlùbọ́sà eléwé lè ṣe é?

Àjàní Bẹ́ẹ̀kì Márùn-ún:

Ó lè ṣe é, àmọ́ kíá ló máa rọ̀. Ẹ pa iyọ̀ sí i lára, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun á rin gbindin.

Ìyá Ìbejì Peckham:

Mo dé o. Àárọ̀ kùtù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ ya, ìkejì ya létí, mo fi omi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Oven ni mo lò, n ò ní saç, iná sì mú igun kan.

Màmá ní òróró ti pọ̀ jù. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bù ú. Igun tó jó yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, wọ́n ní òun ni àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn máa ń jà lé. Mo wá béèrè ohun tí Tíṣà ní kí n béèrè. Gíríìkì ni, ìyá náà kì í tilẹ̀ pè é ní lakror tàbí boreka. Pita ló ń pè é.

Ọmọ wọn obìnrin náà jẹ níbẹ̀, ó gbé èyí tó kù lọ sílé. Mo bi í nípa àwo mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.