Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá: ṣé ká fi sányán dì í?

Abíọ́dún: Ẹ kú ilé o. Màmá mi ní àtọ̀gbẹ, egbò kan sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná. Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ti ń fi ṣẹ́dà wo irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gé nínú sányán Bàbá, ká sè é, ká fi di ojú egbò. Màmá fúnra wọn ló ń wá sísọ́ọ̀sì báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn! Bẹ́ ẹ bá se aṣọ àpótí títí ilẹ̀ fi ṣú, kó tó gbẹ lórí okùn, ìdọ̀tí mìíràn ti bà lé e. Ṣé wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn?

Ọmọ Aláṣọ-Òkè: Ti fídíò yẹn kì í ṣe sányán. Kòkòrò Anaphe inú igbó ló ń ṣe tiwa, irun ara rẹ̀ sì máa ń yún ni gan-an. Bombyx mori, tó ń jẹ ewé málíbẹ́rì, ni tiwọn. Ẹ fẹ́ gé sányán Bàbá? Háà!

Túnjí Láàbù: Kì í tilẹ̀ ṣe aṣọ ni wọ́n ń fi sójú egbò. Purotéènì méjì ló wà lára fọ́nrán ṣẹ́dà: fibroin ni fọ́nrán gan-an, sericin ni oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n á fi omi sódà se oje náà kúrò, torí ara lè bínú sí i. Wọ́n á fi iyọ̀ kan tó ń jẹ́ lithium bromide yọ́ fibroin di omi, wọ́n á ṣan iyọ̀ náà dànù, wọ́n á wá mú un dì gbagidi kí wọ́n tó fa omi rẹ̀ gbẹ. Ohun tó kù a rí bíi fóòmù, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ihò yẹn ni sẹ́ẹ̀lì awọ ń gbà wọlé bí bíríkìlà ti ń gun pákó kọ́lé, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì tẹ̀ lé e. Bí awọ ṣe ń hù, ara ń jẹ ṣẹ́dà náà lọ díẹ̀díẹ̀. Òwú ṣẹ́dà tí dókítà fi ń rán ọgbẹ́ ti pẹ́ láyé, àmọ́ púpọ̀ nínú ìwádìí fóòmù yìí, ara eku àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Abíọ́dún: Wọ́n ṣì ń rìn o, kódà wọ́n lọ sọ́jà lánàá. Tá a bá rí fóòmù náà rà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bí ẹ tilẹ̀ rí i rà, tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ẹsẹ̀, tí ṣúgà ga, tí wọ́n sì ń tẹ egbò mọ́lẹ̀, asán ni. Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Kí wọ́n yẹ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wò, kí wọ́n gé ẹran tó ti kú, kí wọ́n ya fọ́tò eegun bó bá yẹ. Ẹ bèèrè bàtà tí kò ní jẹ́ kí egbò kanlẹ̀. Bó bá ń rùn, tó dúdú, tàbí tí ibà mú wọn, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Abíọ́dún: Ọ̀la ni. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ pè mí, màá bá wọn sọ ọ́.