Mo pa fódà rẹ̀ rẹ́, síbẹ̀ ètò yìí ò kúrò lórí láptọ́ọ̀pù mi

Ìyá Onítáípù
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, próójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Windows 10, RAM 4GB. Ẹni tó tà á fún mi ti fi ètò kan tó ń lé fáírọ́ọ̀sì sínú rẹ̀. Ìgbà tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ pé, ló bá di pé bí mo bá ń táìpù lọ́wọ́, àpótí pupa kan á yọ bò mí lójú, á ní kí n sanwó. Lánàá, ojú ìwé 62 iṣẹ́ ọmọ kan ni mo wà tó fi yọ. Gbólóhùn méjì ni mo ti tẹ̀ kí n tó gbójú sókè, ìkankan ò wọlé.

Inú bí mi, mo wọ Program Files, mo pa fódà rẹ̀ rẹ́. Fáìlì kan jẹ́, òmíràn kọ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú Settings, bí mo bá sì tẹ Uninstall, á ní òun ò rí fáìlì. Kọ̀ǹpútà wá ń wọ́ bí ìgbín. Ṣé kí n fọ gbogbo rẹ̀ ni? Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ Ṣakí
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má fọ nǹkan kan o. Ẹ kó iṣẹ́ àwọn ọmọ náà sórí fláàṣì ná.

Inú fódà tí ẹ pa rẹ́ yẹn ni fáìlì tó ń yọ ètò náà wà, ìyẹn ni Uninstall ń wá tí kò rí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbé ojú kan: ó wà nínú fódà ProgramData, ó wà nínú fódà AppData, ó wà nínú Registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ìṣètò rẹ̀ sí, àwọn service rẹ̀, ìyẹn apá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, á sì ti jí kí ẹ tó rí ojú Windows. Àwọn tó ń ṣe wọ́n sábà máa ń ní removal tool tiwọn, ìyẹn ètò kékeré tó ń yọ wọ́n kúrò pátápátá. Ojúlé ẹni tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á níbòmíràn. Ẹ wá di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart, Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ tẹ 4. Safe Mode nìyẹn, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lò ó.

Alátùn-únṣe
Bí wọn ò bá ní removal tool, ẹ tún ètò kan náà fi sí i, kí fáìlì tó sọnù lè padà. Ẹ wá tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ appwiz.cpl, kí ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan Registry, mà. Bó bá ti kúrò, Microsoft Defender, ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá, á gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú Windows Security.

Ìyá Onítáípù
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Safe Mode ni mo ti ṣe é, orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú Settings, Defender sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń táìpù, àpótí pupa ò yọjú. Ọmọ tó ni ojú ìwé 62 ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́sàn-án yìí.