Ìjìyà agẹṣin tí ó rú òfin eré: báwo ni a ṣe lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn?

Akọ̀wé Adátán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ kan wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí eré ẹṣin ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ là mí lóye. Àwa díẹ̀ tí a ní ẹṣin ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, tí a máa ń gbé wọn lọ síbi ìgbéyàwó, ìwúyè àti ọdún Líṣàbí, ní ìdíje kan tí a máa ń ṣe láàárín ara wa ní pápá kan lẹ́yìn ìlú nígbà ìsinmi Iléyá. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó o. Òfin wa kò pọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ẹṣin ní ànàjù, kò gbọdọ̀ já wọ iwájú ẹlòmíràn débi tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ẹni tí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jìyà. A kò kọ ọ́ síbì kankan pé báyìí ni ìyà náà yóò ṣe tó.

Nínú ìdíje tí a ṣe kẹ́yìn, agẹṣin méjì na ẹṣin wọn kọjá ààlà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré náà; èkejì jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín wa, ẹni tí èrò máa ń tìtorí rẹ̀ wá wòran. Nígbà tí wọ́n tú gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin èkejì yìí, èmi fúnra mi fọwọ́ kan ìhà rẹ̀. Ojú pàṣán ti wú sókè lábẹ́ irun, ilà lórí ilà, awọ ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ọwọ́ mi ṣe ń kàn án. Ti ẹṣin ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ní kí ọ̀dọ́ náà má ṣe bá wa díje fún ọdún kan gbáko, wọ́n sì ní kí a kìlọ̀ fún ẹnì kejì. Nígbà tí mo béèrè ìdí, wọ́n ní ọ̀dọ́ ni ó yẹ kí a tètè kọ́ lọ́gbọ́n, àti pé ẹnì kejì ti ṣe púpọ̀ fún ìdíje náà. Mo kọ ìdájọ́ náà sínú ìwé nítorí pé iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìbéèrè mi ni èyí: níbi tí owó ńlá àti orúkọ ńlá ti wà nínú eré ẹṣin, kí ni wọ́n fi ń dènà irú ojúsàájú báyìí? Ṣé wọ́n ti kọ iye ìyà sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn adájọ́ láti fi ojú ara wọn wò ó?

Bàbá Ẹṣin Ìtòkú

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ẹ̀mí òtítọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa fi dá yín lóhùn, nítorí pé mo ti ń tẹ̀ lé eré wọn tipẹ́, àwọn náà sì ti ti ìhín bọ́ sí ọ̀hún lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, British Horseracing Authority, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré ẹṣin níbẹ̀, gbé òfin tuntun kalẹ̀ lórí pàṣán. Nínú eré orí pápá gbalasa, níbi tí ẹṣin kì í ti í fo ohunkóhun, agẹṣin kò gbọdọ̀ lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́je lọ. Nínú eré tí ẹṣin ti ń fo ìdènà, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lọ. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni ó sì tọ́ sí i ní nǹkan bí 200 mítà tí ó kẹ́yìn eré orí pápá gbalasa. Òfin náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tán nígbà tí Christophe Soumillon, ọmọ ilẹ̀ Belgium, gun Cirrus des Aigles gba ipò kìíní nínú eré ńlá tí wọ́n ń pè ní Champion Stakes ní pápá Ascot. Ó na ẹṣin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní apá ìkẹyìn eré. Ẹyọ kan péré ni ó fi lé. Ẹyọ kan yẹn gba gbogbo owó tí ó yẹ kí ó kàn án nínú ẹ̀bùn ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí ó lé ní 50,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì tún dá a dúró fún ọjọ́ 5. Ní oṣù kan náà ni Richard Hughes, ògbóǹtarìgì agẹṣin, dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà fún wọn nítorí inú tí ó bí i sí òfin yìí. Kí oṣù náà tó parí, àjọ náà ti yọ ààlà ẹ̀ẹ̀márùn-ún yẹn kúrò. Nígbà tí ó fi di ọdún 2012, wọ́n ti sọ ọ́ di pé kíkọjá iye tí a kọ sílẹ̀ kàn jẹ́ ìdí fún àwọn adájọ́ láti tún eré ẹni náà wò, kí wọ́n tó pinnu bóyá ó jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2023, wọ́n tún padà sí iye tí ó le: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lórí pápá gbalasa, ẹ̀ẹ̀méje nínú eré fífo. Bí agẹṣin bá fi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e, ẹṣin náà fúnra rẹ̀ yóò pàdánù ipò tí ó gbà. Nínú àwọn eré ńlá, ìlọ́po méjì ni ìdádúró. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń wo fọ́nrán ìlò pàṣán láti gbogbo pápá orílẹ̀-èdè náà, kí ó má baà jẹ́ pé adájọ́ ìlú kan le, ti ìlú kejì sì rọ̀.

Ìlọ́po méjì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Àwọn ènìyàn ńlá ni wọ́n sábà máa ń wà nínú eré ńlá. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi ìyà tí ó pọ̀ jù síbi tí ìdánwò ti pọ̀ jù, àwa sì fi tiwa sórí ẹni tí kò ní alágbàwí. Ẹ kọ iye sílẹ̀, ẹ kọ ìyà tí ó bá iye kọ̀ọ̀kan mu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kà á sí etí gbogbo agẹṣin kí wọ́n tó di gàárì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlèwó

Mo kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn pé ó yẹ kí a kọ ìyà sílẹ̀ ṣáájú. Ibi tí n kò ti bá wọn lọ ni pé kí iye nìkan jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ wo ohun tí Akọ̀wé fọwọ́ kàn ní ìhà ẹṣin yẹn. Ẹnìkan lè nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí ara rẹ̀ yóò wú, ẹlòmíràn sì lè fi pàṣán onítìmùtìmù, irú èyí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi dandan mú lò, kàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tí kò ní sí àpá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, iye nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀: wọ́n ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá gbé ọwọ́ ga ju èjìká lọ kí ó tó nà án, ẹni tí ó nà án níbi tí kò yẹ, ẹni tí kò fún ẹṣin láàyè láti dáhùn kí ó tó tún nà án, àti ẹni tí ó ń na ẹṣin tí kò lè gba ipò kankan mọ́. Kò sí èyí tí a lè fi kíkà nìkan mọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ojú ènìyàn ni yóò wò ó, nítorí náà, ẹni tí ó ni ojú yẹn ṣe pàtàkì.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀. Ní ọdún 2021, New Jersey ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo pàṣán rárá àfi bí ewu bá wà, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ohun kan náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2022 ni àjọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n ń pè ní HISA (Horseracing Integrity and Safety Authority), ti fi òfin ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lélẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ léraléra láìjẹ́ kí ẹṣin dáhùn. Ìṣọ̀kan òfin ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́; bí agẹṣin kan náà bá ń bá òfin mẹ́ta pàdé ní ìlú mẹ́ta, a kò tilẹ̀ tíì dé orí ọ̀rọ̀ ojúsàájú.

Ohun mìíràn tí kò yẹ kí ìgbìmọ̀ Akọ̀wé dà pọ̀ ni ipò ẹṣin àti ìyà agẹṣin. Nínú Kentucky Derby ọdún 2019, eré ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ẹṣin tí ń jẹ́ Maximum Security ni ó kọ́kọ́ dé. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ níbi ìyàbàrá ìkẹyìn, ó sì dí àwọn mìíràn lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ mẹ́ta wo fọ́nrán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, wọ́n sì sọ ọ́ sí ipò 17. Country House, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà kún, ni wọ́n kéde pé ó borí. Wọ́n ka ìwé ìdájọ́ náà fún àwọn oníròyìn, wọn kò sì gba ìbéèrè kankan. Agẹṣin rẹ̀, Luis Saez, gba ìdádúró ọjọ́ 15. Àwọn tí ó ni ẹṣin náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì ní òfin Kentucky kò fún òun láàyè láti tún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Bí ó bá jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nílẹ̀ Japan tàbí nílẹ̀ Faransé ni, ìbéèrè mìíràn ni wọn ì bá bi ara wọn: ẹṣin tí wọ́n dí lọ́wọ́, ṣé ì bá ti ṣáájú èyí tí ó dí i bí kò bá sí ìdínà náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ipò kò ní yí padà, ṣùgbọ́n agẹṣin yóò jẹ ìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ilẹ̀ Faransé gan-an kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2018. Èmi gbà pé ìyẹn ni ó dára jù fún yín, torí pé ó jẹ́ kí a lè bá ẹni tí ó borí wí láìsí pé a ń bẹ̀rù àtitú gbogbo àbájáde ká. Ìbẹ̀rù yẹn ni ó sábà máa ń sọ ìjìyà di ìkìlọ̀.

Ìyá Kútọ̀

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa bí ìyà yóò ṣe tó, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní Saint-Cloud nílẹ̀ Faransé, Soumillon yìí kan náà fi ìgúnpá ti Rossa Ryan, agẹṣin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣubú lórí ẹṣin nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo ayé rí i. Oṣù méjì ni wọ́n ní kí ó fi dúró. Ṣùgbọ́n ìdádúró náà kò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà ni ó gun Vadeni nínú Prix de l'Arc de Triomphe, eré tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ náà, ó sì gba ipò kejì. Òfin ni wọ́n tẹ̀ lé, mi ò sọ pé wọ́n rú u. Ṣùgbọ́n kí ni kí ọmọ tí a ti ṣubú rò nígbà tí ó ń wo eré yẹn?

Kí a má baà rò pé ẹni ńlá kì í jìyà rárá, ẹ rántí Oisin Murphy, tí ó gba adé agẹṣin tí ó ta yọ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2019, 2020 àti 2021. Wọ́n dá a dúró fún oṣù 14 ní ọdún 2022, nítorí pé ó rú òfin àjàkálẹ̀ Kòrónà, ó parọ́ nípa ibi tí ó wà, ó sì ṣàṣejù nípa ọtí. Adé mẹ́ta kò gbà á sílẹ̀. Akọ̀wé, ẹ lè sọ èyí fún ìgbìmọ̀ yín nígbà tí wọ́n bá ní ẹnìkan ti ṣe púpọ̀ fún ìdíje.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Àwa ti yọ tiwa lájà fún ìyàwó, ìyálé kò sì tíì mọ bí ó ṣe ń ta ni lára.

Akọ̀wé Adátán

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò rò pé ìdáhùn yóò jinlẹ̀ tó báyìí. Mo ti ń kọ àbá tí n ó gbé lọ sí ìpàdé wa. A ó kọ ìyà sílẹ̀ ṣáájú gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, a ó sì fi àwọn ohun tí Agbẹjọ́rò kà sílẹ̀ kún un, pàápàá ti ọwọ́ tí ó ga ju èjìká lọ àti ti ẹṣin tí kò lè borí mọ́. Ọ̀kan nínú wa yóò máa fi fóònù ya gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá ní ẹṣin tàbí ẹbí nínú eré kan kò ní jókòó ṣe ìdájọ́ eré náà. A ó sì máa kọ ìdí ìdájọ́ sára pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á.

Ohun kan ni ó kù tí ó ń dà mí láàmú. Ṣé kí n ní kí a tún ẹjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbé yẹ̀ wò? Àwọn kan ti ń sọ pé òfin tuntun kò lè padà sẹ́yìn.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlèwó

Kò nílò òfin tuntun rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, níwájú adájọ́ kan náà. Ẹ ní kí ìgbìmọ̀ pe ẹjọ́ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó mú kí ti ọ̀dọ́ náà wúwo ju ti ẹnì kejì lọ. Bí wọn kò bá rí i sọ, ẹ dín ti ọ̀dọ́ náà kù, tàbí kí ẹ gbé ti ẹnì kejì sókè.

Bàbá Ẹṣin Ìtòkú

Ti ẹnì kejì ni kí ẹ gbé sókè. Akọ̀wé ti sọ ohun tí ó fọwọ́ kàn ní ìhà ẹṣin yẹn fún wa. Kí ìdádúró tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ kí a tó tún di gàárì fún ìdíje mìíràn, nítorí ohun tí Ìyá Kútọ̀ wí.