Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù: pápá bọ́ọ̀lù mélòó ni ẹsẹ̀ mi lè dé?

Wòran_Mọ̀kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ìlú ọba. Ìbéèrè ni mo bá wá.

Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mọ̀kọ́lá, n'Íbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlélógún, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń húkọ́ kó tó jí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n lè wá wo Emirates tí í ṣe pápá Arsenal àti Stamford Bridge ti Chelsea, èmi fúnra mi ò sì fojú kan ọ̀kankan rí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Peckham fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lóṣù kẹwàá, wọ́n sì ti fún mi ní físà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo máa lò. Ìgbéyàwó, ìdúpẹ́, kíkí àwọn àna kiri, gbogbo ẹ̀ ti gba ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́rú nìkan ló ṣẹ́ kù fún èmi àti ẹsẹ̀ mi.

Arsenal ni mí, kí ẹ tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ìwòran ò lè ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ Chelsea ní kí n ya fọ́tò bíríìjì náà wá fún àwọn. Ọmọ Tottenham kan wà láàárín wa (òun nìkan ni, a máa ń kí i kú ìfaradà), ó ní kí n sáà débẹ̀. Bàbá Aláago, tó máa ń jókòó síwájú pátápátá tí kì í sì í sanwó títí abala kejì á fi bẹ̀rẹ̀, ní kí n bá òun já koríko Emirates díẹ̀ bọ̀.

Mélòó ni mo lè rí láàárọ̀ sí alẹ́? Èwo ni kí n sanwó wọ̀, èwo ni kí n wò láti ìta? Èyí tí mo kọ sílẹ̀ ni Emirates, Tottenham, Wembley, West Ham, Stamford Bridge àti Fulham. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Awakọ̀_Peckham

Mẹ́fà? Ọ̀gá wòran, ṣé bàálù lẹ fẹ́ háyà ni?

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà nílùú yìí, ọdún kẹrìnlá rèé. Ẹ fi West Ham sílẹ̀, Stratford ló wà, lápá ìlà-oòrùn. Ẹ fi Wembley náà sílẹ̀, òdìkejì ìlú nìyẹn. Pápá tó ń gba èèyàn 90,000 dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí eré, irin tó tẹ̀ bí òṣùmàrè lókè yẹn lẹ máa dúró wò. Mítà 133 ni gíga ẹ̀. Ẹ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Peckham Rye. Ẹ wọ Overground, rélùwéè orí ilẹ̀ ni, ẹ yí ọkọ̀ ní Surrey Quays, ẹ sọ̀ ní Highbury & Islington. Ẹ fẹsẹ̀ gba Highbury Fields kọjá lọ sí Emirates. Ibẹ̀ ni kí ẹ sanwó wọ̀, ibẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá sanwó wọ pápá mẹ́rin lóòjọ́, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ mẹ́rin ló wò: ìjókòó, ìkọ́ aṣọ, ilé ìwẹ̀. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, kí ẹ sì wò ó dáadáa pé kò sí eré lọ́jọ́ náà, torí Ọjọ́rú ni eré ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń bọ́ sí.

Tí ẹ bá jáde, ẹ rìn dé Avenell Road. Highbury àtijọ́ nìyẹn, níbi tí Arsenal ti gbá bọ́ọ̀lù láti 1913 títí di 2006. Ilé gbígbé ló dà báyìí. Ṣùgbọ́n wọn ò wó iwájú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1936, ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ náà lára. Ojú pápá gan-an ti di ọgbà àwọn tó ń gbébẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní ibùdókọ̀ Arsenal, ẹ bọ́ sínú Victoria line ní Finsbury Park, Seven Sisters ló kàn. Bọ́ọ̀sì 279 á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà Tottenham. Ẹ padà sí Seven Sisters, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ títí dé Victoria, ẹ wọ District line tó ń lọ Wimbledon, ẹ sọ̀ ní Fulham Broadway. Chelsea nìyẹn. Bíríìjì tí wọ́n ń wí yẹn, kékeré ló gba orí ọ̀nà rélùwéè lójú títì Fulham Road. Ẹ lè kọjá lórí ẹ̀ kí ẹ má mọ̀.

Bọ́ọ̀sì wa kì í gba owó lọ́wọ́ èrò. Ẹ má na pọ́n-ùn sí awakọ̀ bí ẹni tó wọ Micra ní Mọ̀kọ́lá. Ẹ ra Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Woolwich

Ẹ gbọ́ ti awakọ̀ o, bàbá. Kí ẹ kàn mú páwábáǹkì dání, torí inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, òtútù ibí sì máa ń jẹ bátìrì. Èmi gbé àwọn ìbejì mi lọ sí Emirates, ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ ni wọ́n rántí. Owó tí ẹ bá mú wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ ti sọ ọ́ di ọrẹ.

Tí ẹ bá ń ròyìn fún àwọn oníbàárà yín, ẹ má gbàgbé pé àwọn obìnrin Arsenal náà ń gbá bọ́ọ̀lù ní Emirates, àti pé Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wọ jẹ́ẹ̀sì wọn ní 2016. Mo mọ àwọn ọkùnrin ilé ìwòran dáadáa, wọn ò ní bèèrè.

Àgbà_Sùúrùlérè

Gbogbo ibi tí ẹ dárúkọ ló dára. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá ń lọ wo pápá bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó rántí Loftus Road.

Teslim Balógun, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe pápá wa ní Sùúrùlérè, ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní 1956. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí púpọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1955 ó padà wá sí Peterborough kó tó dé QPR. Thunder ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi wò ó l'Óníkan, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní King George, kó tó wá di Mobolaji Johnson Arena. Wọ́n búra fún wa títí wọ́n fi dolóògbé pé bọ́ọ̀lù Balógun ya àwọ̀n lójú àwọn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á gbọ́.

Láti Chelsea, ẹ rìn dé West Brompton, ẹ wọ Overground lọ sí Shepherd's Bush. Ẹ bá mi kí ibẹ̀.

Wòran_Mọ̀kọ́lá

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ní òtútù á pa mí, wọ́n ju jákẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí ọ̀rẹ́ wọn gbàgbé sílé sí mi lára. Mi ò wo àyà ẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà Emirates, bàbá òyìnbó kan tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò rẹ́rìn-ín, ó nàka sí mi láyà. Àkùkọ! Àkùkọ Tottenham ló dúró lórí bọ́ọ̀lù lápá òsì mi! Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ ọ, mo yí inú ẹ̀ síta, mo tún un wọ̀. Bí mo ṣe wọ Emirates fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn, pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ń sọ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ tó ń jó lẹ́yìn ọrùn mi.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ̀rọ̀ síni létí, kálukú ń dá rìn. Mo rí ibi tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀sì Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal wa, kọ́ sí, nọ́ńbà 7, mo dúró síwájú ẹ̀ títí àwọn ará Ṣáínà tó wà lẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lẹ́yìn náà mo gba ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà jáde, mo bọ́ sí etí pápá.

Pápá náà kéré ju ti inú tẹlifíṣọ̀n mi lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé èèyàn. Ó sì dákẹ́. Ìjókòó tó lé ní 60,000, ẹyẹlé kan péré ló jókòó.

Ṣùgbọ́n iná ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n gbé irin gígùn kan tó ní táyà sórí koríko, gílóòbù tò sí abẹ́ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń tàn yòò, aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Kò sí èèyàn kankan lábẹ́ ẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ni wọ́n ń wá. Ó ní àwọn ìjókòó ga, òrùlé bò wọ́n, oòrùn kì í dé apá ibẹ̀ dáadáa tí òtútù bá ti wọlé, nítorí náà iná yẹn ni oòrùn koríko. Mo ní ṣé wọ́n máa ń pa á tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó wò mí. Ó ní ìgbà yẹn gan-an ló wúlò.

Mo wá àga jókòó. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú iná lọ ní Mọ̀kọ́lá nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lójú pẹnáritì, tí rẹfirí ti fi súfèé sẹ́nu. Kí n tó fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó jí, bọ́ọ̀lù ti kúrò níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń bèèrè owó wọn. Koríko tí gbogbo wa ń dààmú torí ẹ̀ yẹn, òun ò sùn nínú òkùnkùn rí. Mo ya iná yẹn ní fọ́tò mẹ́tàlá. Saka, méjì.

Ní Tottenham, mo yí jákẹ́ẹ̀tì padà, àkùkọ délé. Pápá yẹn ga sókè láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bí ọkọ̀ òkun tó ṣìnà wọ ọjà. 2019 ni wọ́n ṣí i, èèyàn 62,850 ló ń gbà, wọ́n sì máa ń pín koríko ibẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, wọ́n á tì í wọ abẹ́ ìjókòó tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá fẹ́ gbá tiwọn. Èmi ò rí ìyẹn, ìta ni mo wà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni alẹ́ September 25, 2021, tí Usyk lu Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù wa, nínú ibẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ilé ìwòran mi kún jù lọ́dún yẹn, ibẹ̀ náà la sì ti dákẹ́ jù.

Stamford Bridge ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n awakọ̀ yapa. Láti ojú títì, ẹ ò lè mọ̀ pé pápá wà níbẹ̀, ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ló bò ó. Mo rí ère Peter Osgood, mo rí ògiri àtijọ́ tí wọ́n ya àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù sí, ó tán. Ó dùn mí pé mi ò sanwó wọlé. October 23, 1999, Chelsea ń fi góòlù méjì sí òdo lù wá, Kanu gbá mẹ́ta wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ kékeré ni mí, bàbá mi gbé mi sókè, orí mi kan páànù. Ẹ̀kẹta yẹn, ẹ̀gbẹ́ ilà ló ti yọ gólì sílẹ̀ tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé láti ibi tí kò sáyè. Igun yẹn ni mo fẹ́ dúró sí. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Arsenal, Chelsea ni kó sanwó wọ̀.

Mi ò dé Fulham. Loftus Road ni mo lọ, torí Àgbà. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Pápá náà há sáàárín ilé onílé débi pé ẹni tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì á máa gbọ́ súfèé rẹfirí. Òun ló jọ tiwa jù nínú gbogbo ẹ̀. Géètì wà ní títì. Mo fojú sí ihò àárín rẹ̀, mo rí ìjókòó búlúù díẹ̀ àti koríko tó tó ìbú ẹní. Òtútù mú mi dé eegun, mo sì ń ro ti ẹni tó ti Èkó wá gbá bọ́ọ̀lù nínú irú ẹ̀ ní 1956. Mo kí ibẹ̀ fún yín, sà. Fọ́tò náà ò mọ́lẹ̀.

Fọ́tò iná ti wà lára ògiri nílé ìwòran báyìí. Ìdajì àwọn oníbàárà ní irọ́ ni.

Ti Bàbá Aláago ńkọ́? Wọn ò jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan koríko Emirates rárá. Highbury Fields ni mo ti já díẹ̀, níbi tí àwọn ajá ti ń ṣeré. Mo wé e sínú tíṣù, mo fún wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Ẹ má sọ fún wọn o.

Awakọ̀_Peckham

Tíkẹ́ẹ̀tì Chelsea yẹn, ẹ̀bi mi ni. Mo gbà.

Ọmọ_Aláago

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀. Bàbá ti lẹ koríko náà mọ́ ẹ̀yìn Bíbélì wọn. Èmi ni mo máa ń ka íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn lálaalẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò iye eré tí mo máa wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní sáà yìí.