Kí ló ń mú àwọn tó ń gbá baseball dúró ní minor league?
Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ baseball, kí ló dé téèyàn á fi wà ní minor league (àwọn líìgì kékeré tó wà lábẹ́ Major League, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà) fún ọdún 10, ṣé owó ni?

Èsì: Owó kẹ̀? Triple-A gan-an, níbi tó kù díẹ̀ kéèyàn dókè, owó ọdún wọn tó kéré jù ò tó $20,000 kó tó di àdéhùn 2023 tó sọ ọ́ di $35,800.

Èsì: Ìfẹ́ ni o. Ẹ wo Drew Maggi, 2010 ni tíìmù Pirates mú un, ó ń ti tíìmù kan bọ́ sí òmíì, April 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Major League lẹ́ni ọdún 33, àwọn èrò ń pariwo orúkọ ẹ̀, inú mi dùn gan-an!

Èsì: Gift Ngoepe ọmọ South Africa náà ńkọ́, 2008 ló tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, 2017 ló tó dé Major League!