Nǹkan oṣù mi dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọrùn ilé-ọmọ: kí ni kí n lò?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ó pé ọjọ́ 11 lónìí tí wọ́n fi wáyà gbígbóná gé díẹ̀ kúrò lára ọrùn ilé-ọmọ mi. LEEP ni àwọn dókítà ń pè é. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé ara ibẹ̀ ti ń yí padà. Kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má fi falẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, kò sì tó ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n fi parí. Ọjọ́ yẹn náà ni mo padà sílé.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń dà lára mi. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó dúdú, ó rí hóró-hóró bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Lẹ́yìn náà ó di omi tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni inú rírun tí mo mọ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀. Nǹkan oṣù mi ti dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: ó ti tó ọdún 6 tí mo ti ń lo ife, ìyẹn ife rọ́bà kékeré tí à ń tì sínú kó lè gba ẹ̀jẹ̀. Páàdì kì í bá mi lára mu. Bí mo bá lò ó ju ọjọ́ 2 lọ, ara á pọ́n, itan á máa yún mi. Ìwé tí wọ́n fún mi ní kí n má lo tánpọ́ọ̀nù, ìyẹn òwú dídì tí à ń tì sínú kó lè fa ẹ̀jẹ̀ mu, fún ọ̀sẹ̀ 4, kò sì dárúkọ ife rárá. Ṣé mo lè lò ó nìyẹn? Mo ti sè é nínú omi, mo gbé e sórí tábìlì, mo kàn ń wò ó ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti tì í wọlé.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi, kú ìfaradà. Dá ife yẹn padà sínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún èmi náà rí, ohun tí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi sì sọ ni pé ohunkóhun tó bá máa gba ojú ara wọlé, kó dúró síta ná. Ó ní ife wà níbẹ̀, tánpọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, oògùn tí à ń fi sínú wà níbẹ̀, ọkọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 gbáko.

Adúróṣinṣin: Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n èmi lo tánpọ́ọ̀nù nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 2, nǹkan kan kò ṣe mí. Mo rò pé bí ara bá ṣe rí lára kálukú ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyí.

Adúróṣinṣin, mo dúpẹ́ pé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Àmọ́ má fi gba ẹlòmíì nímọ̀ràn, ọmọ mi. Ojú ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú ara rẹ̀ rí là ń sọ yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ara níbẹ̀, èépá á bò ó, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bo orúnkún ọmọdé tó ṣubú. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, èépá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ lè ya lójijì. Ìwọ tó béèrè, ọjọ́ 11 lo wà yẹn.

Wàyí o, wo ohun tí ife ń ṣe. Ó máa ń ṣí gbàgà nínú, ẹnu rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara lábẹ́ ọrùn ilé-ọmọ. Bí o bá fẹ́ yọ ọ́, tí o kò kọ́kọ́ tẹ ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, á fa ohun tó wà lókè rẹ̀. Ìka tí o fi ń tì í wọlé náà lè kan ojú ọgbẹ́. Tánpọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ máa ń fa omi ara gbẹ, ó lè ha ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná, ẹ̀jẹ̀ tó gbà sára sì lè di ilé fún kòkòrò àrùn. Ìdí tí ìwé yín fi dárúkọ tánpọ́ọ̀nù nìkan ni pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Kì í ṣe pé wọ́n fọwọ́ sí ife.

Iye ọjọ́ kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n kàn já ẹran bíńtín lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò lè máà ju ọ̀sẹ̀ 1 lọ. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé tirẹ̀ jinlẹ̀ lè dúró tó ọ̀sẹ̀ 6. Èyí tí ẹni tó ṣe é fún ọ bá sọ ni kí o tẹ̀ lé.

Páàdì ni o máa lò, tàbí pátá nǹkan oṣù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ra èyí tí kò ní lọ́fínńdà. Máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 4 sí 4, kódà bí kò tíì kún. Nǹkan oṣù àkọ́kọ́ yìí lè pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, má jẹ́ kí ìyẹn já ọ láyà. Ṣùgbọ́n bí páàdì kan bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí 1, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń jáde, tí ara rẹ gbóná dé ìwọ̀n 38 (Celsius), tí ohun tó ń dà ń rùn, tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ọ́ tí oògùn ìrora kò ràn án, ilé ìwòsàn ni kí o forí lé lọ́jọ́ náà. Má dúró de ìdáhùn wa níbí.

Òdòdó: Ẹ ṣé, mà. Ṣé ó lè máa fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ fọ inú kó má bàa rùn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá o, ọmọ mi. Ìta nìkan ni kó fọ̀, omi lásán sì tó. Omi tí a bá tì sínú lè ti kòkòrò àrùn wọ inú ilé-ọmọ, ó sì lè ṣí èépá yẹn kúrò.

Ìyá Ìbejì: Ní ti ara tó ń pọ́n yẹn, páàdì aṣọ ló gbà mí. Òwú ni kí ojú tó kan ara jẹ́, kì í ṣe èyí tó ń dán bíi ọ̀rá. Omi tútù ni kí o kọ́kọ́ fi ṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí àbàwọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà kí o fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá, kí o sì sá a sóòrùn títí á fi gbẹ dénú. Mo mọ̀ pé ojú lè máa tì ọ́ láti sá a síta, mo ti ṣe é rí, mo fi ẹ̀wù bò ó lórí okùn. Kò gbẹ, ó sì ń rùn. Bí o bá wẹ̀ tán, fi aṣọ tẹ ara gbẹ jẹ́ẹ́jẹ́, má nù ún gbúrugbúru.

Adúróṣinṣin: Mo ti gbọ́, mà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èépá yẹn fún mi nígbà náà. Àbúrò, má wo tèmi.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe ibi tí wọ́n ti ṣe é, ohun kan náà ni wọ́n sọ: ife kò yàtọ̀ sí tánpọ́ọ̀nù, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Wọ́n bi mí léèrè páàdì mélòó ni mo ti lò láti àárọ̀, mo ní 3, wọ́n ní kò burú. Páàdì tí ojú rẹ̀ jẹ́ òwú ni mo lò, ara kò tíì yún mi. Mo ti fàmì sí ọjọ́ náà lára kàlẹ́ńdà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń kán nígbà tó bá pé, màá ní kí wọ́n yẹ̀ mí wò kí n tó tún fọwọ́ kan ife.