Ẹ gbà mí o: Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá fún JAMB

Ìyá Ṣadé: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, JAMB ti kù dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi ò sì mọ ìtumọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá yẹn rárá. Ìwé wo ló dáa, àbí kí n wá tíṣà? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ Agbowó: Past question ni, Mà, ó kéré tán ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìbéèrè 60 ni Use of English, àwọn yòókù jẹ́ 40 40, máàkì 100 kan náà sì ni gbogbo wọn. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yára.

Tíṣà Délé: Past question nìkan ò tó. Kó mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé rere ni bene, pé ibi ni mal, kò ní fi benevolent pe malevolent. Kó máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn tirẹ̀, kó má kàn máa wò ó lásán.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣọ́ra fún tutorial o! Owó gidi ni mo san fún àbúrò mi níbì kan, mi ò ní dárúkọ. Ìwé pélébé kan ni wọ́n kó fún wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó ń pariwo ni noisome. Ọmọ há a sórí bí ẹni há Sáàmù. Ohun tó ń rùn ni noisome, ẹ̀yin èèyàn! Ìgbà tá a ṣí dikíṣọ́nárì, àṣìṣe ló kún ojú ewé àkọ́kọ́.

Bàbá Ìbejì: Ṣé tutorial Agbowó, nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn (UI), yẹn ni? Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fura sí wọn.

Àbíkẹ́: Mo ní mi ò dárúkọ, sà.

Ọmọ Agbowó: Ẹ má ba Agbowó jẹ́ o! Ibẹ̀ lèmi ti kẹ́kọ̀ọ́ kí n tó wọ UI.

Bàbá Ìbejì: Ìwọ nìkan kọ́ ló wọ UI.

Fẹ́mi: Ẹ ní kó tètè tẹ slip ẹ̀ jáde, ìwé tó ń sọ ibi tó ti máa ṣe ìdánwò, kẹ́ ẹ lọ wo centre kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ìlú míì ni wọ́n gbé tèmi sí.

Màmá Tólú: Ta ló béèrè centre? Ìyá Ṣadé, kí ló ń dà á láàmú gan-an, antonym ni àbí comprehension? Kí ló fẹ́ lọ kà?

Ìyá Ṣadé: Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti fún un ní ìwé pélébé kan, ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ó ti ń há a sórí láti àná.

Àbíkẹ́: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo noisome nínú ẹ̀ ná.